Ọ̀yọ́ Tí Ó Jí Ní Ilẹ̀ Amẹ́ríkà: Ìtàn Abúlé Ọ̀yọ́túnjí àti Iye Ènìyàn Inú Rẹ̀

Bí a bá dárúkọ ìlú kan fún ọmọ Yorùbá, ohun tí yóò kọ́kọ́ béèrè ni pé, ta ni ó tẹ ìlú náà dó, níbo ni ó ti wá, adé wo ni ó sì gbé bọ̀ láti ilé? Lẹ́yìn èyí ni yóò tó béèrè bí ìlú náà ti tóbi tó. Àwọn ìbéèrè wọ̀nyí náà ni mo fẹ́ fi wo abúlé kékeré kan tí ó wà ní ìgbèríko ilẹ̀ Amẹ́ríkà, ní ìpínlẹ̀ South Carolina, lẹ́bàá ọ̀nà ńlá tí ó so ìlú Savannah àti Charleston pọ̀. Orúkọ abúlé náà ni Ọ̀yọ́túnjí. Ilẹ̀ rẹ̀ kò ju nǹkan bí éékà 27 lọ; ẹni tí ó bá fi ẹsẹ̀ rìn ín kò ní í pẹ́ rìn ín já. Síbẹ̀ wọ́n kọ́ ààfin síbẹ̀, wọ́n fi ọba jẹ, wọ́n gbé ojúbọ kalẹ̀ fún Ọbàtálá, fún Ṣàngó, fún Ọ̀ṣun, fún Ògún, fún Yemọja àti fún Olókun, wọ́n dá ẹgbẹ́ Ògbóni sílẹ̀, wọ́n sì ri pátákó kan mọ́ ẹnu ọ̀nà tí ó ń sọ fún àlejò pé ó ń jáde kúrò ní ilẹ̀ Amẹ́ríkà nìyẹn, ó sì ń wọ ilẹ̀ ọba Yorùbá.

Mo ti sọ ọ̀rọ̀ abúlé yìí fún àwọn ẹgbẹ́ mi ní Tanke níbi tí a ń gbé. Àwọn kan bú sẹ́rìn-ín, wọ́n ní eré orí ìtàgé ni, pé ta ni ó ti gbọ́ ọ rí kí ará Amẹ́ríkà tí kò lè kí ènìyàn ‘ẹ kú àárọ̀’ kó já gaara máa pe ara rẹ̀ ní ọba ilẹ̀ Yorùbá. Àwọn mìíràn ń yan kiri, wọ́n ní a kò rí i bí, Yorùbá ti gba ayé kan. Èmi kò rò pé ọ̀kankan nínú ìdáhùn méjèèjì yìí dára tó, nítorí pé kò sí èyí tí ó béèrè ìtàn nínú wọn. Ẹni tí ó bá gbọ́ pé Ọ̀yọ́ tún jí, ó yẹ kí ó kọ́kọ́ béèrè pé kí ni ó mú Ọ̀yọ́ sùn. Fún àwa tí a ń gbé ìlú Ìlọrin, ìdáhùn ìbéèrè yẹn kò jìnnà sí ẹnu ọ̀nà wa rárá.

Ṣùgbọ́n kí á tó dé ibẹ̀, ẹ jẹ́ kí á kọ́kọ́ wo ilẹ̀ tí wọ́n tẹ abúlé náà dó sí. Ìletò tí ó súnmọ́ ọn ni Sheldon, ní àgbègbè Beaufort. Ilẹ̀ etíkun ni, ó kún fún ẹrẹ̀ àti ọ̀sà. Omi òkun a máa kún wọ inú rẹ̀, a sì tún máa fà padà. Ìrẹsì ni àwọn òyìnbó olóko ń gbìn níbẹ̀ láyé àtijọ́, ẹrú dúdú ni wọ́n sì fi ń gbìn ín. Nítòsí Sheldon, wọ́n kọ́ ṣọ́ọ̀ṣì bíríkì ńlá kan láàárín ọdún 1745 sí 1753. Àwọn ọmọ ogun Gẹ̀ẹ́sì dáná sun ún ní 1779 nígbà tí Amẹ́ríkà ń jà fún òmìnira. Wọ́n tún un kọ́. Ogun abẹ́lé tún bà á jẹ́ ní 1865. Ògiri àti òpó rẹ̀ ni ó kù nílẹ̀ títí di òní, kò sí òrùlé lórí wọn.

Ìkànìyàn ọdún 1860 fi hàn wá pé nínú nǹkan bí 40,000 ènìyàn tí ń bẹ ní àgbègbè Beaufort nígbà náà, ó lé ní 32,000 tí ó jẹ́ ẹrú. Èyí ni pé bí a bá kó ènìyàn mẹ́wàá jọ níbẹ̀, mẹ́jọ nínú wọn ni ẹlòmíràn ni ní tọrùn-tọrùn. Ní oṣù Kọkànlá ọdún 1861, ọkọ̀ ojú omi ìjọba àpapọ̀ Amẹ́ríkà gba èbúté Port Royal, àwọn olóko sì fẹsẹ̀ fẹ́ ẹ, wọ́n fi oko àti ẹrú sílẹ̀. Kò pẹ́ tí àwọn olùkọ́ fi dé láti ìhà àríwá; ní 1862 ni wọ́n dá ilé-ẹ̀kọ́ Penn sílẹ̀ ní erékùṣù St. Helena fún àwọn tí a ṣẹ̀ṣẹ̀ dá sílẹ̀. Ní 1862 yìí kan náà ni Robert Smalls, tí a bí ní ẹrú nínú ìlú Beaufort ní 1839, jí ọkọ̀ ojú omi ogun àwọn ọ̀gá rẹ̀ gbé lóru, tí ó sì wà á lọ bá àwọn ọ̀tá wọn. Nígbà tí ogun parí, ó di aṣòfin ní Washington. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1863, Harriet Tubman bá àwọn ọmọ ogun dúdú lọ sí odò Combahee, èyí tí ó wà ní agbègbè yìí kan náà, wọ́n sì kó ẹrú tí ó lé ní 700 jáde ní òru ọjọ́ kan ṣoṣo. Mo sọ gbogbo èyí kí ẹ lè mọ̀ pé kì í ṣe aginjù tí kò ní ìtàn ni àwọn ará Ọ̀yọ́túnjí wá tẹ̀dó sí. Ilẹ̀ tí ẹ̀jẹ̀ àti òógùn ènìyàn dúdú ti rin gbingbin ni. Púpọ̀ nínú àwọn tí a dá sílẹ̀ ní agbègbè náà ra ilẹ̀, wọ́n sì di í mú. Àwọn ọmọ ọmọ wọn ni à ń pè ní Gullah, tí wọ́n ní èdè tiwọn, oúnjẹ tiwọn àti orin tiwọn.

Níhìn-ín ni ọ̀rọ̀ ti kan àwa tí a ń kọ́ nípa èdè. Ọ̀mọ̀wé dúdú ará Amẹ́ríkà kan, Lorenzo Dow Turner, lọ jókòó ti àwọn Gullah ní àwọn ọdún 1930 sí 1940, ó ń gbọ́ ọ̀rọ̀ wọn, ó ń kọ ọ́ sílẹ̀. Kí ó tó dé, ohun tí àwọn òyìnbó ń sọ ni pé Gẹ̀ẹ́sì wọ́gọwọ̀gọ tí àwọn aláìmọ̀wé ń sọ ni èdè Gullah. Turner fi hàn pé irọ́ ni. Ó kó ẹgbẹẹgbẹ̀rún orúkọ àti ọ̀rọ̀ jọ, ó sì wá orírun wọn sí àwọn èdè Áfíríkà. Ìwé rẹ̀, Africanisms in the Gullah Dialect, jáde ní 1949. Ní 1951 ó wá sí Nàìjíríà níhìn-ín fúnra rẹ̀. Ó rí ọ̀rọ̀ Yorùbá nínú ohun tí ó kó jọ, òótọ́ ni. Ṣùgbọ́n ẹ má jẹ́ kí inú wa tètè dùn jù. Orin kan wà tí ó gbà sílẹ̀ lẹ́nu obìnrin kan ní etíkun Georgia, tí obìnrin náà fi ń gbọ́ lẹ́nu àwọn ìyá rẹ̀ láìmọ ìtumọ̀ rẹ̀. Èdè Mẹ́ndè ti ilẹ̀ Sàró ni orin náà, kì í ṣe Yorùbá. Bẹ́ẹ̀ gẹ́lẹ́ ni ìtàn òwò ẹrú wí. Àwọn tí ọkọ̀ kó lọ sí èbúté Charleston, láti Kóńgò àti Àǹgólà ni ọ̀pọ̀ wọn ti wá, àti láti Sẹ̀nẹ̀gáḿbíà, àti láti etíkun Sàró níbi tí wọ́n ti mọ iṣẹ́ oko ìrẹsì dáradára. Àwọn tí wọ́n kó láti ọ̀dọ̀ tiwa kéré níye. Nígbà tí ogun ilẹ̀ Yorùbá sì wá le koko tí ẹrú wa pọ̀ lọ́jà, Amẹ́ríkà ti fi òfin de kíkó ẹrú wọ̀lú láti òkèèrè láti ọdún 1808.

Nítorí náà, bí ẹnìkan bá sọ pé nítorí pé ẹ̀jẹ̀ Ọ̀yọ́ wà nínú ilẹ̀ Sheldon ni Ọ̀yọ́ fi jí níbẹ̀, a óò ní kí ó rọra. Ọ̀nà mìíràn ni Ọ̀yọ́ gbà dé ibẹ̀, ọ̀nà náà sì jìn.

Ẹ jẹ́ kí á padà wálé díẹ̀. Ní nǹkan bí ọdún 1817, Àfọ̀njá, Ààrẹ Ọ̀nà Kakaǹfò, tí ó ń jókòó ní Ìlọrin yìí, ti yapa kúrò lábẹ́ Aláàfin. Ó pe Àlímì àti àwọn Fúlàní àti àwọn Mùsùlùmí ẹlẹ́ṣin mọ́ra láti ràn án lọ́wọ́. Ẹ̀yin náà mọ bí ó ti parí: àwọn tí ó pè ni wọ́n pa á ní nǹkan bí 1824, ìjọba Ìlọrin sì bọ́ sọ́wọ́ ọmọ Àlímì. Láti ìgbà náà lọ ni ìlú ń fọ́ lọ́tùn-ún lósì. Wọ́n ti kó Òṣoógùn ní 1821, níbẹ̀ ni wọ́n ti mú ọmọdékùnrin tí ń jẹ́ Àjàyí, ẹni tí ó di Bíṣọ́ọ̀bù Crowther lẹ́yìn ọ̀la. Òwu fọ́. Nígbà tí ogun Elédùwẹ̀ sì bàjẹ́ mọ́ Ọ̀yọ́ lọ́wọ́ ní nǹkan bí 1836, Ọ̀yọ́ Ilé di ahoro, Àtìbà sì tún Ọ̀yọ́ mìíràn tẹ̀ sí Àgọ́ Ọjà. Àwọn tí ogun wọ̀nyí mú lẹ́rú, ọ̀pọ̀ wọn ni wọ́n tà dé Èkó àti Wídà, tí wọ́n sì wọ ọkọ̀. Ta ni ó ń rà wọ́n? Ìlú Háítì tí ó ń ṣe ṣúgà fún gbogbo ayé tẹ́lẹ̀ ti gba ara rẹ̀ sílẹ̀ ní 1804, Kúbà ni ó sì gba òwò náà ṣe. Oko ìrèké pọ̀ ní ìhà Matanzas bí eṣú. Níbẹ̀ ni àwọn ènìyàn Ọ̀yọ́, Ẹ̀gbá, Òwu àti àwọn yòókù ti dé, tí wọ́n ń pè wọ́n ní Lùkùmí. Wọ́n kó òrìṣà wọn sẹ́yìn àwòrán àwọn ẹni mímọ́ ìjọ Àgùdà: Ṣàngó wà lẹ́yìn Santa Barbara, Ọbàtálá wà lẹ́yìn Màríà. Ọdún 1886 ni Kúbà tó fòpin sí oko ẹrú pátápátá. Ẹni tí ó jẹ́ ọmọdé nígbà tí Ọ̀yọ́ Ilé ń fọ́ lè wà láàyè ní Matanzas títí di ìgbà náà, kí ó máa kọ́ ọmọ ọmọ rẹ̀ ní orin Ṣàngó.

Ẹni tí ó wá lọ gbé e níbẹ̀ kò gbọ́ Yorùbá, a kò sì bí i sí ilé olórìṣà. Walter Eugene King ni orúkọ tí àwọn òbí rẹ̀ sọ ọ́. Ìlú Detroit ni wọ́n bí i sí ní oṣù Kẹwàá ọdún 1928, ìdílé onítẹ̀bọmi ni. Detroit nígbà náà kún fún ènìyàn dúdú tí ó ti sá kúrò ní ìhà gúúsù nítorí ìyà àti àìríṣẹ́. Láàárín 1910 sí 1970, nǹkan bí mílíọ̀nù mẹ́fà ènìyàn dúdú ni ó ṣí kúrò ní gúúsù báyìí. King jẹ́ oníjó àti ayàwòrán. Ó bá ẹgbẹ́ oníjó Katherine Dunham rìn. Ní 1954 ó lọ sí Háítì, ó rí ẹ̀sìn vodun níbẹ̀. Nígbà tí ó padà dé New York, ó dá ẹgbẹ́ kan sílẹ̀ tí ó fi orúkọ òrìṣà àwọn ará Dàhòmì pè. Ẹ ṣàkíyèsí pé Dàhòmì ni ó kọ́kọ́ wá, kì í ṣe Yorùbá. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1959 ni òun àti ọ̀rẹ́ rẹ̀ ará Kúbà kan lọ sí Matanzas, tí wọ́n sì fi òun jẹ àwòrò Ọbàtálá níbẹ̀. Bí ohun tí Ọ̀yọ́ Ilé sọ sínú òkun ṣe fò sókè ní èbúté mìíràn nìyẹn.

Orúkọ tí ó sọ ara rẹ̀ lẹ́yìn náà yẹ ní kíkà lọ́rọ̀ kọ̀ọ̀kan: Ẹfúntọ́lá Oseijeman Adélabú Adéfúnmi. Ẹfun ti Ọbàtálá wà níbẹ̀, adé méjì wà níbẹ̀, ṣùgbọ́n Oseijeman kì í ṣe Yorùbá rárá. Èdè Akan ti ilẹ̀ Gáná ni. Nígbà kan wọ́n tilẹ̀ ń pè é ní Nana, bí wọ́n ti ń pe àwọn ọba Akan. Àwọn kan nínú wa yóò fi èyí ṣe ẹ̀rín. Ní tèmi, mo rí i pé ọ̀rọ̀ náà hàn nínú orúkọ yìí ju bí ó ti hàn nínú ìwé ńlá lọ. Ẹni tí wọ́n ti gba ilé bàbá rẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ pátápátá, tí kò mọ̀ bóyá Gáná ni tàbí Dàhòmì tàbí Ọ̀yọ́, yóò fọwọ́ kan gbogbo ilẹ̀kùn kí ó tó rí èyí tí yóò ṣí fún un.

Ní 1960, ọdún tí àwa gba òmìnira, tẹ́ḿpìlì tí Adéfúnmi ṣí wà ní àdúgbò Harlem ní New York. Ó ń kọ́ àwọn ènìyàn dúdú láti wọ dàǹṣíkí àti ìró, láti yí orúkọ padà, láti jó ijó òrìṣà ní gbangba ìgboro. Èyí kò dùn mọ́ àwọn olórìṣà ará Kúbà nínú. Àwọn ti fi ohun ìkọ̀kọ̀ pa òrìṣà mọ́ fún ọgọ́rùn-ún ọdún àti jù bẹ́ẹ̀ lọ. Òun ń gbé e jáde lójú pópó. Àwọn kò rí ohun tí ó burú nínú àwòrán ẹni mímọ́. Òun ní kí wọ́n kó gbogbo rẹ̀ dànù, pé boju-boju oko ẹrú ni. Àwọn òyìnbó Kúbà pàápàá wà lára àwọn àwòrò. Òun ń sọ pé ọ̀ràn orílẹ̀-èdè ènìyàn dúdú ni. Nínú ìjà yìí, mo rò pé ìhà méjèèjì ni ó ní ẹjọ́ rò. Láìsí boju-boju àwọn ará Kúbà, kò sí ohun tí Adéfúnmi ìbá rí gbé.

Ní 1968 àwọn ènìyàn dúdú kan ṣe ìpàdé ní Detroit, wọ́n ní kí Amẹ́ríkà fi ìpínlẹ̀ márùn-ún ní gúúsù sílẹ̀ fún wọn láti dá orílẹ̀-èdè tiwọn sílẹ̀. South Carolina wà lára márààrún. Adéfúnmi wà nínú ìgbìmọ̀ wọn, òun ni wọ́n fi ọ̀rọ̀ àṣà lé lọ́wọ́. Ìpínlẹ̀ márùn-ún kò ṣeé rí gbà, ṣùgbọ́n éékà díẹ̀ ṣeé rà. Ní 1970 ni òun àti àwọn ènìyàn díẹ̀ fi New York sílẹ̀ lọ sí Sheldon. Ọ̀nà tí àwọn òbí wọn gbà sá lọ sí àríwá, òun náà ni wọ́n gbà padà sí gúúsù. Wọ́n sọ abúlé wọn ní Ọ̀yọ́túnjí bí a ti ń sọ ọmọ ní Babátúnjí nígbà tí bàbá àgbà bá kú tí a sì bí ọkùnrin lé e.

Ìbẹ̀rẹ̀ kò rọrùn. Kò sí iná mànàmáná, kò sí omi ẹ̀rọ; fúnra wọn ni wọ́n ṣán igbó, tí wọ́n sì kọ́ ilé. Ará ìgboro ni púpọ̀ wọn, tí kò mọ bí a ti ń di ọkọ́ mú. Ohun tí wọ́n fi ń jẹun ni pé wọ́n ń dá ẹ̀ẹ́rìndínlógún àti Ifá fún ẹni tí ó bá wá tàbí tí ó kọ lẹ́tà, wọ́n ń gba owó ìwọlé lọ́wọ́ àlejò, wọ́n sì ń ta aṣọ àti ère. Wọ́n ń fẹ́ ju aya kan lọ, bí òfin Amẹ́ríkà kò tilẹ̀ kà á sí ìgbéyàwó. Wọ́n ṣí ilé-ẹ̀kọ́ tiwọn fún àwọn ọmọ. Wọ́n to ọdún òrìṣà kalẹ̀ láti oṣù kìn-ín-ní dé òpin ọdún, pẹ̀lú Egúngún ní oṣù Karùn-ún.

Adéfúnmi mọ̀ pé adé kì í wá láti inú igbó Sheldon. Ní oṣù Kẹjọ ọdún 1972 ó wá sí Abẹ́òkúta, wọ́n sì tẹ̀ ẹ́ nífá ní Ìjẹùn. Nígbà tí ó padà, wọ́n fi í jọba ní Ọ̀yọ́túnjí. Ní oṣù Kẹfà ọdún 1981, nígbà tí wọ́n ṣe àpéjọ àgbáyé àkọ́kọ́ lórí àṣà òrìṣà ní Yunifásítì Ifẹ̀, ó tún wá, Ọọ̀ni Okùnadé Ṣíjúwadé, tí kò tíì pé ọdún kan lórí ìtẹ́, sì pàṣẹ kí wọ́n dé e ládé. Ẹni tí ó bá mọ ọ̀rọ̀ àárín àwọn ọba wa yóò rẹ́rìn-ín músẹ́ níhìn-ín. Orúkọ ìlú náà ni Ọ̀yọ́, ṣùgbọ́n Ifẹ̀ ni adé ti wá. Kò sì sí ìgbà tí Ọ̀yọ́ wa tí ó wà nílé sùn ní gbogbo àkókò yìí: ní 1970 kan náà tí wọ́n ní Ọ̀yọ́ jí ní Sheldon ni wọ́n yan Làmídì Adéyẹmí Kẹta sí ipò Aláàfin, ó sì wà lórí ìtẹ́ títí di 2022.

Nísinsìnyí ni mo dé orí iye ènìyàn. Abúlé náà kì í ṣe ìlú lójú òfin South Carolina, nítorí náà ẹnu àwọn tí ó gbé ibẹ̀ àti ìwé àwọn tí ó lọ ṣe ìwádìí níbẹ̀ ni a ti ń gbọ́ ọ. Ìgbà tí wọ́n pọ̀ jù ni àárín àwọn ọdún 1970, nígbà tí wọ́n tó nǹkan bí 200, tí àwọn kan tilẹ̀ ní wọ́n jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí yóò fi di àwọn ọdún 1990, wọn kò tó 100 mọ́. Lẹ́yìn ọdún 2000, ìdílé bíi márùn-ún sí mẹ́sàn-án ni wọ́n ń sọ. Ní àkókò yìí kan náà, àgbègbè Beaufort tí ó yí wọn ká ń wú bí ìyẹ̀fun tí a fi ìwúkàrà sí. Ó lé ní 51,000 ènìyàn ní 1970. Ní 2020 ó ti lé ní 187,000. Afárá tí wọ́n ṣe lọ sí erékùṣù Hilton Head ní 1956 ni ó ṣílẹ̀kùn fún àwọn ọlọ́rọ̀ tí ó fẹyìn tì láti máa wá kọ́lé sí etíkun. Àwọn Gullah tí ó ti ní ilẹ̀ láti ìgbà ìdásílẹ̀ wá ń rí i tí owó orí ilẹ̀ ń lé wọn kúrò lórí rẹ̀.

Kí ló dé tí Ọ̀yọ́túnjí fi ń joro nígbà tí àyíká rẹ̀ ń wú? Ẹ wo Tanke wa yìí. Ẹni tí ó bá bá àgbà ibẹ̀ sọ̀rọ̀ yóò gbọ́ pé abúlé àgbẹ̀ ni. Wọ́n dá Yunifásítì Ìlọrin sílẹ̀ ní 1975, wọ́n sì bẹ̀rẹ̀ sí í kó o lọ sí ibùdó rẹ̀ títí láé ní ìbẹ̀rẹ̀ àwọn ọdún 1980. Láti ìgbà náà ni ilé ti ń so mọ́ ilé, tí ṣọ́ọ̀bù ń so mọ́ ṣọ́ọ̀bù, tí oko fi tán. Kò sí ẹni tí ó kó wá sí Tanke nítorí pé ó fẹ́ràn Tanke. Ìwé àti owó ni ó kó wa wá. (Iye wa gan-an kò ṣeé sọ, nítorí pé 2006 ni wọ́n kà wá gbẹ̀yìn ní Nàìjíríà, àwọn ará Amẹ́ríkà ń ka ara wọn ní ọdún mẹ́wàá mẹ́wàá.) Ọ̀yọ́túnjí kò ní yunifásítì, kò ní ilé-iṣẹ́, kò ní ọjà. Ìgbàgbọ́ nìkan ni ó kó ènìyàn lọ síbẹ̀, ìgbàgbọ́ kì í sì í san owó ilé-ìwé ọmọ. Nígbà tí ìtara àwọn ọdún 1960 rọlẹ̀, tí àwọn ọmọ dàgbà tí wọ́n fẹ́ ṣiṣẹ́, wọ́n jáde lọ.

Ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ka orí lásán kò tíì ka iye Ọ̀yọ́túnjí. Àwọn tí ó jáde kò ju òrìṣà sílẹ̀. Wọ́n dá ilé òrìṣà sílẹ̀ ní àwọn ìlú ńlá, wọ́n tẹ ẹlòmíràn nífá, àwọn yẹn náà tẹ ẹlòmíràn. Kamari Maxine Clarke, tí ó ṣe ìwádìí níbẹ̀ tí ó sì tẹ ìwé rẹ̀ jáde ní 2004, fi hàn bí okùn tí ó jáde láti abúlé kékeré náà ti nà jìnnà tó. Ó dà bí ìlú baba tí a kò gbé mọ́, ṣùgbọ́n tí a ń padà sí nígbà ọdún. A sì mọ irú ìlú bẹ́ẹ̀ dáadáa ní ilẹ̀ Yorùbá. Ọ̀pọ̀ abúlé wa ni arúgbó méjì mẹ́ta ń ṣọ́, tí ó ń kún fọ́fọ́ ní ọjọ́ Iléyá tàbí Kérésìmesì.

Adéfúnmi wàjà ní oṣù Kejì ọdún 2005. Ọmọ rẹ̀, Adéjuyìgbé, gun orí ìtẹ́ ní ọdún yẹn gẹ́gẹ́ bí Adéfúnmi Kejì. Ó wá sí Nàìjíríà, ó ń gba àlejò, ó sì ń sapá láti tún abúlé náà ṣe. Ní oṣù Keje ọdún 2024, wọ́n gún un lọ́bẹ pa nínú abúlé náà. Ikú náà ya ọ̀pọ̀ ènìyàn lẹ́nu ní ilé àti lẹ́yìn odi.

Ó ku ọ̀rọ̀ èdè, èyí tí ó jẹ mí lógún jù lọ. Nígbà kan wọ́n ṣòfin ní Ọ̀yọ́túnjí pé Yorùbá ni kí gbogbo ènìyàn máa sọ ní kùtùkùtù òwúrọ̀, kí wọ́n tó yíjú sí Gẹ̀ẹ́sì. Òfin náà kò mú èdè náà dúró. Yorùbá tí wọ́n gbọ́, ti inú orin ni, ti inú oríkì òrìṣà àti ìkíni ni. Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi ń ra iyọ̀ tí wọ́n sì fi ń bá ara wọn jà. Ohùn tí ó ń bọ́ sókè sódò nínú èdè wa ti rọ̀ dànù ní Kúbà kí ó tó dé ọ̀dọ̀ wọn, ìwé tí wọ́n fi ń kọ́ra sì máa ń wá láìní àmì. Olùkọ́ tí ó bá lọ gbọ́ wọn lè fi ìbínú fa ìlà pupa sábẹ́ gbogbo rẹ̀. Kí ó tó fà á, kí ó tẹ́tí sí àwa náà ní Tanke ní alẹ́ ọjọ́ kan, kí ó ka iye ọ̀rọ̀ Gẹ̀ẹ́sì tí yóò jáde lẹ́nu wa kí a tó parí gbólóhùn kan.

Àwọn ohun tí a pa tì sì wà tí wọ́n gbé. Ní 2023, awuyewuye ńlá bẹ́ sílẹ̀ nínú ìlú Ìlọrin yìí lórí bóyá kí àwọn onísẹ̀ṣe ṣe ọdún wọn tàbí kí wọ́n má ṣe é, títí ọ̀rọ̀ náà fi gba orí ìwé ìròyìn kan. Ní Sheldon, àwọn òyìnbó ìgbèríko tí ó jẹ́ ọmọ ìjọ ti mọ ìlù Egúngún létí láti àádọ́ta ọdún. Òfin ẹ̀tọ́ ọmọdé tí Nàìjíríà ṣe ní 2003 ka ilà kíkọ sí ojú ọmọ léèwọ̀, mo sì gbà pé ó tọ́ bẹ́ẹ̀. Nínú kíláàsì wa ní ẹ̀ka èdè, kò sí ẹnìkan tí ó kọlà. Àwọn tí ó tẹ Ọ̀yọ́túnjí dó, ọ̀pọ̀ wọn ti dàgbà kí wọ́n tó jókòó kalẹ̀ kí a kọ ilà Yorùbá sí wọn lójú, nínú ilẹ̀ tí ojú dúdú nìkan ti tó láti dá ènìyàn lẹ́jọ́. Wọ́n padà wọ ọkọ̀ akérò àti ilé ìfowópamọ́ ní Beaufort pẹ̀lú ojú náà.